Fíìmù Mi Gbégbá Orókè, Mi Ò Rẹ́ni Sọ Ọ́ Fún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé iwájú yìí láàárọ̀ yìí, torí láti àná ni àyà mi ti ń já. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í jáde wá jẹ́rìí. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo máa ń jókòó sí, kí pásítọ̀ tó ṣe àmín tó kẹ́yìn, mo ti wà lójú títì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní mo máa ń gbéra ga. Ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́.

Èmi ni Sister Dúpẹ́, Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, nídìí kámẹ́rà. Tí àwọn ọ̀gá bá ń ṣí ojú ọ̀nà tàbí tí wọ́n ń gbin igi, èmi ni mo máa ń ya wọ́n. Ọkọ mi ti di olóògbé, ọmọ mi kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Jọ́ọ̀sì. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi àti tẹlifíṣàn la jọ máa ń jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe fíìmù kan fúnra mi. Kì í ṣe irú èyí tó ní apá kìíní àti apá kejì o. Fíìmù kúkúrú ni, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré. Ìwàrà ni mo ti ṣe é, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìwàrà. Àwọn ló tọ́ mi láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì ń gbé ilé náà.

Ìtàn inú fíìmù náà ò le. Ìyá àgbàlagbà kan máa ń gbé bẹ́ǹṣì síta ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á nù ún, á jókòó sí ìpẹ̀kun kan, á máa retí ẹni tó máa wá jókòó ti òun. Kò sẹ́ni tó ń wá. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, á gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀ wọlé. Ìyẹn náà nìkan ni. Màmá Ìwàrà ló ṣe ìyá yẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa. Bẹ́ǹṣì iwájú ilé Màmá, ta ló ń ráyè jókòó sí i? Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti kún. Ẹni tó ti oko dé á yà síbẹ̀, ẹni tó ń já ẹ̀fọ́ á gbé e wá síbẹ̀, ẹni tó bá ọkọ ẹ̀ jà á wá sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ya fíìmù yẹn, iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni kí n máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kúrò níwájú kámẹ́rà. Wọ́n á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á máa fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òṣèré ti dé. Màmá á bú sẹ́rìn-ín, èmi á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù àgbáyé kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti máa ń fún àwọn fíìmù kúkúrú lẹ́bùn. Nígbà tó yá, ímeèlì dé pé wọ́n ti mú tèmi mọ́ àwọn tó máa díje. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Tí nǹkan rere bá ń bọ̀, a kì í sọ ọ́. Ẹni tó lóyún á máa fi aṣọ bò ó. Ẹni tó ń kọ́lé á ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹni tó ń lọ sókè òkun, ìgbà tó bá balẹ̀ sọ́hùn-ún tán la máa tó gbọ́. A máa ní ayé ò dáa, kó pé ná. Èmi tilẹ̀ ní ìdí tèmi. Nígbà kan, wọ́n ní wọ́n máa rán mi lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá, mo sọ fún gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n ti ń kí mi kú oríire, ni ọ̀rọ̀ náà bá wọmi. Ojú tì mí. Mo ní láéláé, etí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan mi mọ́ kó tó pé.

Ni mo bá pa á mọ́. Mi ò sọ fún ọmọ mi. Mi ò sọ níbi iṣẹ́. Mi ò mú un wá síbí fún àdúrà, torí mo ń bi ara mi pé ta ni mo mọ̀ níbí gan-an. Alhaja Sàfúrà, télọ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, ọmọ bíbí Òṣogbo ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dá ìyẹn dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ á já bọ́ lẹ́nu mi. Tí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, màá pa tẹlifíṣàn kí wọ́n lè rò pé mi ò sí nílé. Ẹ wo ìwà yẹn. Mò ń sá fún èèyàn nínú ilé ara mi nítorí oríire.

Èyí tí mo ṣe fún Màmá ló burú jù. Mo lọ sí Ìwàrà, mo sọ fún wọn pé wọ́n ti mú fíìmù wa, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá wò mí. Wọ́n ní, “Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ibo lo gbé e dé.” Màmá ò mọ irọ́ pa, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti jókòó tì wọ́n máa gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n kúkú má gbé bẹ́ǹṣì síta mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Nítorí ẹ ni o.” Ìṣojú mi ni wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì yẹn wọlé.

Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn. Màmá á ní ó rẹ òun, kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó ṣe, wọn ò kan án mọ́. Wọ́n ní ọmọ Màmá tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo ló ní òun ò fẹ́ èrò. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Oṣù márùn-ún ni Màmá fi gbé báyẹn, fíìmù tí mo fi irọ́ ṣe sì di òótọ́.

Wọ́n pè mí sí àjọ̀dún náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn tó ń fúnni ní físà dá fún mi láti wá gbà á ti kọjá ọjọ́ àjọ̀dún. Ìyẹn náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dá ẹkún ẹ̀ sun, mo nu ojú, mo lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń pín ẹ̀bùn, wọ́n sì ní a lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa ni. Mo gbé fóònù ti ife omi, mo jókòó síwájú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí fíìmù kúkúrú tó dára jù lọ, obìnrin kan ka orúkọ kan tí kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Orúkọ mi ni. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Kámẹ́rà wọn ń wá mi kiri láàárín èrò, kò rí mi. Obìnrin yẹn ní ohun tó wọ àwọn lọ́kàn jù ni bí ìdánìkanwà ìyá náà ṣe dà bí òótọ́. Wọ́n gbé ẹ̀bùn mi sórí tábìlì, wọ́n pe ẹlòmíì.

Mo dìde dúró ní pálọ̀. Mo ní, “Jésù, o ṣé.” Mo fẹ́ jó díẹ̀, mi ò rí i ṣe. Mo gbé fóònù, mo ń wo orúkọ àwọn èèyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹnì kan tí mo lè pè tí mi ò ní kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, inú mi ò dùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi, mi ò tíì dá wà tó ọjọ́ yẹn.

Màmá nìkan ló mọ̀. Mo pè wọ́n. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Mo pè nígbà méje. Mo ní kí n pe aládùúgbò wọn kan, ni mo bá rí i pé mi ò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ní Ìwàrà. Àwọn tó yẹ kó lọ bá mi wò wọ́n, èmi ni mo lé wọn.

Mo bọ́ síta, mo lọ kan ilẹ̀kùn Alhaja. Wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì. Mo kúnlẹ̀, gbogbo ẹ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà, fíìmù, físà, ẹ̀bùn, Màmá. Alhaja ò tilẹ̀ bá ti ẹ̀bùn lọ. Wọ́n ní, “Dìde. Ìgbà wo lo bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?” Mo ní àná. Wọ́n kírun, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn, àwọn fúnra wọn ló wà á. Bí a ṣe ń jáde ní Òṣogbo ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Gbogbo bó o ṣe ń sá fún mi yìí, mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni. Mo ti ń wá ohun tí mo ṣe.” Títí a fi dé Iléṣà, wọ́n ń ka àdúrà tiwọn, èmi náà ń ka tèmi pẹ̀lú ẹkún.

Nígbà tí a dé Ìwàrà, ilẹ̀kùn wà ní títì látinú. Mo pariwo, àwọn ará àdúgbò jáde, mi ò lè wojú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo lé kúrò níwájú kámẹ́rà nígbà yẹn ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Màmá wà nílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ṣubú, egungun itan wọn ti dá, ètè wọn ti gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run, wọ́n wà láàyè.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n tẹ́ Màmá sí, ẹni mẹ́rin gbé wọn dé ìdí mọ́tò. Mo gbé orí wọn lé itan mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, “Mo pè. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọ́n á rò pé fóònù ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ùwọ lo ní kí wọ́n má wọ ulé mọ́.” Wọn ò bínú sọ ọ́ rárá. Mo sọ fún wọn pé fíìmù wa ló gbégbá orókè. Màmá la ojú, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé mo lè wá sọ fún wọn báyìí?”

Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Màmá wà ní ọsibítù kan ní Iléṣà báyìí. Wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọjọ́rú ni dókítà dá, ó sì ní pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, òun ò lè ṣèlérí. Alhaja wà lọ́dọ̀ wọn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Ìwàrà ń wá débi pé nọ́ọ̀sì ti ń bínú, Màmá sì ti sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé òṣèré ni òun. Màmá ní èèyàn tiwọn. Èmi ni mò ń dá dúró ní kọ́rídọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rí tó ti pé la máa ń mú wá síbí. Èyí ò pé. Mi ò mọ bí Ọjọ́rú ṣe máa rí, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ “kó pé ná”, ògo ni fún orúkọ rẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀ lórí ibi tó dé, kí ẹ sì bá mi bẹ̀rù lórí èyí tó kù. Aago méjì ọ̀sán yìí ni mọ́tò máa gbé mi padà sí Iléṣà. Àyè ẹni mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ta ló máa bá mi lọ?