Èjìká Ta Ló Wà Nínú Fọ́tò Mi?

Tọkọtaya kẹ̀? Tọkọtaya! Ọmọ mi, ìwọ tí o jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi pé “tọkọtaya tuntun ní ilé onífọ́tò”? Ta ló so wá pọ̀? Mo fi ọmọ tí mo bí búra, mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí!

Páásípọ́ọ̀tù ni mo lọ yà, òun náà, páásípọ́ọ̀tù ló wá yà. Onífọ́tò yẹn, ahun gbáà ni, kò jẹ́ fi fíìmù kan ya ẹnì kan ṣoṣo láyé ẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì, á ní “ẹ sún mọ́ra, ẹ sún mọ́ra”, á yà yín pọ̀, tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì, kálukú á gba tiẹ̀, ó parí! Ẹ̀yin wá lọ hú fíìmù yẹn jáde láìgé, ẹ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú ìtàn fún àwọn olùwádìí. Ìtàn wo? Ilé mi lẹ̀ ń tú ká!

Ọmọ ọmọ mi ló fi han Bàbá, ọkọ mi, lórí fóònù, ó ní “ẹ wá wo Màmá nígbà ọmọge wọn”. Ọmọge wo? Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ni mo ya fọ́tò yẹn! Bàbá wò ó, ó kó ìrọ̀rí ẹ̀ kúrò ní yàrá. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè, orí àga pálọ̀ ló ń sùn. Tí mo bá kí i, á ní kí n lọ kí ọkọ mi. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún! Ó ti di ẹrù ẹ̀, ó ní ọ̀la lòun ń kó lọ sílé ọmọ wa àgbà.

Kí ló dé tó fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀? Ó dáa, màá sọ òótọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdajì tèmi wà lára ògiri pálọ̀ wa, onífọ́tò ò gé e dáadáa, èjìká ọkùnrin yẹn kù sétí ẹ̀. Bàbá ti gbàgbé pé òun ò bá mi lọ. Gbogbo àlejò ló máa ń fà lọ síbẹ̀: “Ẹ wo èjìká mi, ẹ wo bó ṣe rí nígbà èwe mi!” Àádọ́ta ọdún! Inú ẹ̀ ń dùn, mo dákẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Pa “tọkọtaya” yẹn rẹ́ jàre. Kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn méjèèjì ò mọra wọn rí, kí o tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi, kí n mú un délé kí Bàbá tó jáde. Mi ò kúrò níbí o!

Kí lo wí? Ọkùnrin inú fọ́tò náà ti wá síbí? Lánàá? Ìyàwó ẹ̀ náà lé e lọ sí pálọ̀?

Yéè! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí o! Ẹ gbà mí!

Ó yá, tẹ ìwé náà ní méjì. Èmi fúnra mi ni màá mú ìkejì lọ fún ìyàwó ẹ̀... Háà, rárá o, ìwọ ni kó o mú un lọ. Tí obìnrin yẹn bá fi lè rí ojú mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọkọ ẹ̀ ò ní padà sí yàrá mọ́ láéláé!