Ẹni Tó Ń Bu Omi sí Mọ́tò Náà

Mo ń dúró de mọ́tò mi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan n'Íkòsí nígbà tí obìnrin àgbà kan wa mọ́tò àtijọ́ dé, tí èéfín ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ọdún méje ni mo ti ń wà á lọ síbi iṣẹ́, kò gbóná rí," ni obìnrin náà wí. "Oṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀."

Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. "Mummy, rédíétọ̀ ló ń jò, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jò. Ta ló ń bá yín bu omi sí i?"

"Kò sẹ́ni tó ń bu omi kankan sí i."

"Ẹnì kan ti ń bù ú láràárọ̀, Mummy. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì yìí ì bá ti kú tipẹ́."

Obìnrin náà fara ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Ọkọ mi máa ń jí jáde ṣáájú mi," ló wá wí. "Oṣù tó kọjá ni àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Tí mo bá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láàárọ̀, wọ́n á máa nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì omi. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo máa ń bu omi fún wọn."

"Ṣé wọ́n máa ń mu ún?"

"Wọ́n máa ń mu ún." Ó nu ojú. "Ọ̀gá, ẹ bá mi pààrọ̀ rédíétọ̀ náà lónìí. Mo fẹ́ tètè délé, kí n lè sọ fún wọn pé mo ti gbọ́."