Ọwọ́ Mi Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka ìwé yìí sókè sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pọn irọ́ yìí bí ọmọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe eruku ìgbálẹ̀ ló pa ọkọ mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí mo sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́jọ́ tí mo wọlé yín, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń yẹ èékánná wa wò láràárọ̀. Ìgbéraga ni mo fi kún un fúnra mi. Bí ilé kò bá ta ènìyàn nímú, lójú tèmi, kò tíì mọ́. Mo sì máa ń ti fèrèsé kí òórùn náà lè dúró de àlejò. Nígbà tí ikọ́ fée ọkọ mi le, dókítà kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ọṣẹ àti omi ti tó. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nínú mi, mo ní, kí ni ọmọkùnrin mọ̀ nípa ilé fífọ̀?

Ní Sátidé ọjọ́ náà, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ wá kí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó wá bá wa tọ́jú rẹ̀, wọ́n omi sílẹ̀ lójú mi, ó gbá yàrá, ó sì lọ sọ́jà. Mo wọ balùwẹ̀ inú yàrá náà. Mo da bílíìṣì sílẹ̀, mo tún da ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e, kó lè mọ́ ní ìlọ́po méjì. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ká má pa wọ́n pọ̀, pé èéfín olóró ni yóò dà. Èmi ọ̀mọ̀wé, n kò kà á. Mo ti fèrèsé. Ọkọ mi ké láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ìyàwó, ó ń ta mí lójú o! Ìdọ̀tí lo fẹ́ lé ni, àbí èmi?" Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ fara dà á, Bàbá. Òórùn ìmọ́tótó nìyẹn." Mo pa ilẹ̀kùn yàrá dé, mo lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ti ọjà dé, tó bá a nílẹ̀. Pẹ̀lú bó ṣe tín-ín-rín tó, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n jáde.

Ó ṣì wà láàyè nígbà tí a dé ọsibítù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Màmá, kí ló fà símú? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá ṣe." Ìtìjú dí mi lẹ́nu. Nígbà tó ṣí, irọ́ ló jáde: "Àbúrò rẹ̀ ló gbálẹ̀ láìwọ́nmi. Eruku ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò mí. "Ìyàwó wa, èmi kẹ̀?"

Ìtọ́jú eruku ni wọ́n fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi ti lọ. Ó wò mí kó tó lọ. Mo rò pé ó mọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú ni.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi fi omijé bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohun tó sọ ni pé, "Bóyá omi tí mo wọ́n ni kò tó, Ìyá." Ẹ gbọ́ o! Òun fúnra rẹ̀ gba irọ́ mi gbọ́. Omi náà tó. Mo rí i.

Láti ìgbà náà, abọ́ kan, ṣíbí kan ni mò ń lò. Ọṣẹ àti omi ni mo fi ń fọ ilé báyìí, fèrèsé gbogbo wà ní ṣíṣí. Atẹ́gùn rere ń wọlé. Èmi nìkan ló ń mí in.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ pé ọmọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bímọ, pé ẹnì kan nínú yín sì ní, "Ẹni tó fi ìgbálẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kí ló ń wá lọ́dọ̀ ìkókó?" Wọ́n ní ìta ló jókòó sí, tó ń fọ aṣọ ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó gbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí èémí ṣì wà. Ní tèmi, mo bẹ̀ yín, bí ó tilẹ̀ pẹ́, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ lọ pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, kí ẹ gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.