Àwọn Tí Ó Wọlé Láìkágò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ó ti rẹ̀ mí kí n tó sùn. Mo ń gbààwẹ̀ nítorí Ṣọlá ọmọ mi, tó jẹ́ sójà. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, níbi tí olórí ibẹ̀ ti ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣọlá ní òun kò ní lọ àfi tí mo bá súre fún òun. Lọ́sàn-án, mo gbàdúrà tán lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì, oorun sì gbé mi lọ.

Obìnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú. Ojú rẹ̀ dàbí ti ẹni tó ṣọ́ aláìsàn mọ́jú. Ó kàn ní, "Máa bọ̀."

Ní ọ̀run àpáàdì, mo rí ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ń jó, kò lè kúrò, ó ń ké pé, "Ilé mi ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́," igbe ọmọdé ń dún lẹ́yìn rẹ̀, igbe náà kò dá, mo fẹ́ sá, obìnrin náà kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Olórí ìlú kan tó pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ni," obìnrin náà wí. "Igbe tó kọ etí ikún sí láyé ló ń gbọ́."

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ dúró lórí ẹyín iná, wọ́n ń pe, "Àgò o, àgò o." Ohùn wọn ti há. Mo ní ṣebí ọmọlúàbí ní í kágò.

Ó ní, "Wọ́n ń dúró kí apànìyàn dá wọn lóhùn."

Àwọn kan sì jókòó sórí àga irin pípọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n gba àwọn ọmọ là, ṣùgbọ́n wọn kò jáde mọ́. Wọ́n sọ ilé onílé di tiwọn.

Inú bí mi. "Ẹni tó wọlé jẹ̀bi, ẹni tí kò wọlé jẹ̀bi. Kí ni kí n wá sọ fún ọmọ mi?"

Obìnrin náà mú mi dé ibi ìsinmi, níbi tí àwọn olóòótọ́ ti ń kọrin. Sójà kan jókòó lábẹ́ igi, kò bá wọn kọrin. Òun wọlé, ó kó àwọn ọmọ jáde, ó sì padà sílé rẹ̀. Mo fẹ́ kí i kú iṣẹ́, obìnrin náà dì mí mú.

"Fi í sílẹ̀. Ó pa ọmọ ọlọ́mọ kan lẹ́nu ọ̀nà. A ti dárí jì í, òun ni kò tíì gbàgbé."

Nígbà tí mo jí, Ṣọlá jókòó tì mí. "Màámi, kí lẹ wí?"

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. "Lọ. Kó wọn jáde, kí o sì tètè padà sílé."

Ó ń lọ lọ́la. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń ṣètò orin ìṣẹ́gun àti ijó. Ẹ má ṣe é o, ará. Ẹni tó bá jó sí i yóò jíhìn níwájú Ọlọ́run. Ìyá kan wà lọ́hùn-ún tí ọmọ mi yóò pa ọmọ rẹ̀, kò sì tíì mọ̀.