Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Tí Mo Fi Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Àǹtí Ṣadé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ ò mọ̀ mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ń rí mi lára. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń gbé e kiri. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ bú mi bó ṣe wù yín.

Ohun tó jẹ́ kí n lanu báyìí ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni mo máa fi mọ́tò gbé Àǹtí Ṣadé lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ń padà sí Nàìjíríà pátápátá. Wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ló lé àwọn. Irọ́ ni. Èmi ni mo lé wọn.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dallas níbí. Àwa la máa ń rán àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lọ sílé àwọn arúgbó náà. Èmi ń jókòó sí ọ́fíìsì, mo ń pín iṣẹ́, mo ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Àǹtí Ṣadé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, opó ni wọ́n, wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra, èmi náà ni mo mú wọn wọ ibi iṣẹ́ wa. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò ní ẹbí kankan ní gbogbo Texas.

Bàbá òyìnbó kan ni wọ́n ń tọ́jú ní McKinney. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bàbá náà gbé e lọ sílé ìtọ́jú arúgbó. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan, ní kò síṣẹ́ fún Àǹtí mọ́, kí wọ́n máa lọ. Èmi ló rán sí wọn.

Àǹtí ò jà, wọn ò pariwo. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi fi òyìnbó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Sọ pé mo dúpẹ́. Sọ pé bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, kó foríjì mí. Èèyàn kì í kúrò nílé onílé láìdágbére."

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé Àǹtí dúpẹ́ fún ọdún mẹ́fà, pé wọ́n ń lọ ní àlàáfíà, pé kí ọ̀gá má bínú sí àṣìṣe kankan. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n máa lọ. Ta ló ń kọ irú ìyẹn sínú lẹ́tà ìdágbére? Àwa tá a ti ilé wá mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí òyìnbó bá kà á, á ní ẹni yìí ló fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ò tiẹ̀ kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sínú fáìlì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo lọ sí àpátímẹ́ǹtì Àǹtí ní Lake Highlands. Mo jókòó ti kọ̀mpútà, mo bá wọn kọ̀wé béèrè owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í rí i gbà, àmọ́ Àǹtí kọ́ ló fiṣẹ́ sílẹ̀, owó yẹn tọ́ sí wọn. Òun ni wọ́n fẹ́ fi máa san owó ilé títí wọ́n á fi ríṣẹ́ míì. Wọ́n súre fún mi títí mo fi wọ mọ́tò.

Kò pẹ́, fọ́ọ̀mù ìjọba dé orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n ń béèrè bí obìnrin yìí ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Inú ọ̀gá ò dùn. Ó ní bí wọ́n bá ti ń sanwó fún irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni owó orí ilé iṣẹ́ á máa ga sí i. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan kan nínú fáìlì rẹ̀ tá a lè lò?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ọ̀gá ti gbàgbé lẹ́tà yẹn. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Ebi ò pa mí, ilé wa wà ní Wylie, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́. Kí n ṣáà sọ pé "kò sí", ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń wá ẹni tó máa fi ṣe igbákejì rẹ̀ nígbà náà, ojú mi sì wà níbẹ̀. Mo dìde, mo fa lẹ́tà yọ, mo gbé e fún un. Mo tún fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé Àǹtí Ṣadé ló fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi lẹ́tà náà sí i, mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ jẹun ọ̀sán, mo sì yó. Tùẹ̀!

Ìjọba kọ̀ jálẹ̀, wọn ò fún Àǹtí ní kọ́bọ̀. Ta ni Àǹtí gbé ìwé náà wá bá? Èmi náà ni. "Ọmọ mi, bá mi kà á, kí ni wọ́n wí?" Mo kà á. Ìwé náà ní àyè ọjọ́ mẹ́rìnlá wà fún wọn láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, orí fóònù ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé tí Àǹtí bá pè é, ìjọba á béèrè ẹni tó kọ èsì ilé iṣẹ́, orúkọ mi á sì jáde létí Àǹtí. Ni mo bá ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Ìjọba kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Wọ́n ní àmín.

Ọlọ́run ni mo fi dí wọn lẹ́nu o. Ẹ wo irú ẹnu.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àyè náà tán, aládùúgbò wọn kan sọ fún wọn pé wọ́n lè pẹjọ́ o. Wọ́n sáré pè mí. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá, mo máa bá wọn ṣe é. Wọ́n gbé e wá, wọ́n sì gbé ìkọ́kọrẹ́ dání fún mi, torí pé wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ju ìwé náà sẹ́yìn mọ́tò, ibẹ̀ ló wà títí ọjọ́ fi kọjá. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún pọ́n ọwọ́ lá. Mo sọ fún Àǹtí pé mo ti fi ránṣẹ́, pé ìjọba tún kọ̀.

Owó ilé wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n kó jáde. Wọ́n ń sùn ní pálọ̀ ìyá kan nínú ìjọ wa. Wọ́n ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n ń gbé páálí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn wú, ẹ̀yìn wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi di igbákejì ọ̀gá. Wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn.

Tí a bá pàdé ládùúrà, Àǹtí á ní, "Ẹni tó ṣe mí báyìí, kí Ọlọ́run dá a lẹ́jọ́." Àmín tèmi ló máa ń ròkè jù. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Lóṣù tó kọjá, mo pe nọ́ńbà ìjọba. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, bóyá wọ́n ṣì lè tún ọ̀rọ̀ Àǹtí gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n dúró lórí fóònù, wọ́n ń kọrin sí mi létí títí. Nígbà tí ẹnì kan wá gbé e, tó ní kí ni òun lè ṣe fún mi, mo ní mo ṣi nọ́ńbà pè. Inú mi tiẹ̀ dùn bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́?

Tí mo bá jẹ́wọ́ fún ìjọba, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, mo mọ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún Àǹtí, wọ́n á gbé ìbànújẹ́ wọ bàálù, nítorí kí ara lè tu èmi. Tí mo bá sì dákẹ́, wọ́n á máa gbàdúrà fún mi nílé títí wọ́n fi máa kú. Èwo ló burú jù nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́? Mo ti rò ó títí, orí mi ti dàrú.

Àná ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní tí a bá dé pápákọ̀, kí n kúnlẹ̀, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, kí wọ́n súre fún mi kí wọ́n tó wọlé, torí pé èmi nìkan ni mo ṣe wọ́n lóore ní ìlú yìí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé. Ṣé kí n kúnlẹ̀?