Èmi Ni Mo Rán Sámúẹ́lì Lọ Sídìí Ààlè

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, mo kí yín. Ìyá àgbà ni mí, ọmọ-ọmọ mi ti pé márùn-ún. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bá ìyá mi ṣe epo, nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ohun kan wà nínú mi tó ti pé ọdún mẹ́wàá. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo fi ọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí lé àwọn tó nà án lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì wúlò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì jà nínú àgbàlá mi. Bọ́lánlé, àkọ́bí mi, gbá Títí àbúrò rẹ̀ létí, ó fa ìró rẹ̀ ya, ó sì tì í lu ògiri ilé ìdáná tí iwájú orí rẹ̀ fi bẹ́. Nítorí kí ni? Títí mú ọmọ Íbò kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà wá kí mi. Títí ní ọmọkùnrin náà ni òun fẹ́ fẹ́.

Bọ́lánlé ń pariwo pé, "Àwọn tí kì í ṣe tiwa, olè ni wọ́n! Màámi nìyí, ẹ bi wọ́n! Ojú wọn ló ṣe!" Ó na ọwọ́ sí mi. Mo jókòó sórí àpótí.

Irọ́ tèmi ni Bọ́lánlé fi ń na àbúrò rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìrókò. Nígbà tí mò ń wí yìí, ilé wa nìkan ni tẹlifíṣọ̀n wà. Kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Bátìrì mọ́tò ni ọkọ mi fi ń tan án, ìlú Moniya ni a sì máa ń gbé e lọ fi iná sí. Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọbìnrin Yorùbá kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan láti ìhà Bẹ́núé, ìyá ọmọbìnrin náà sì kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo abúlé ló ń wá wò ó. Pálọ̀ a kún, ojú fèrèsé a kún. Bí ìyá inú eré náà bá ti yọjú, èébú á bẹ̀rẹ̀.

"Ó tún ti dé! Ìyá burúkú!" Ìyá Sìkírá tó ń ta gààrí ló máa ń kọ́kọ́ ké. "Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fẹ́ ni?"

Lásísì tó ń kọ ẹyìn a ní, "Ẹ gbé ọkùnrin yẹn fún mi jàre. Èmi á fún un ní ọmọ tèmi."

"Ọmọ wo? Èyí tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ yẹn?" Gbogbo pálọ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

Èmi nìkan ni n kì í bú ìyá yẹn. Nínú ọkàn mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Bọ́lánlé tèmi náà ti mú Sámúẹ́lì wá.

Ará Ògòjà ni Sámúẹ́lì. Oko ìwádìí kan ní ìhà Moniya ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń wá wọn ewé ẹ̀gẹ́ nínú oko wa, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bọ́lánlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé abúlé. Bí wọ́n ṣe pàdé, n kò mọ̀. Ọjọ́ tó sọ fún wa, bàbá rẹ̀ kàn dìde, ó jáde ni. Èmi ni mo mú ọmọ orógùn, mo nà án ní ẹ̀yìn títí igi náà fi dá. Kò sunkún.

Ó ní, "Màámi, ẹ ti nà mí tán? Òun náà ni màá fẹ́."

Mo ní, "Níbo ni wọ́n ń pè ní Ògòjà? Bí o bá kú sọ́hùn-ún, ta ni yóò gbé òkú rẹ wálé? Èdè wo ni ọmọ rẹ máa fi kí mi?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọkùnrin náà kò ní ìwà burúkú kankan. Bọ́lánlé sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ a máa ṣiṣẹ́ lóko àna. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá. Á fi alùpùpù rẹ̀ ti igi máńgòrò, á tẹ̀ kọdọrọ, nítorí kò mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Màmá, ṣé iṣẹ́ wà?" Ó bá wa kọ ebè. Ó bá wa fa ẹ̀gẹ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé, "Ìyá Bọ́lánlé, ọmọ yìí mọ ọkọ́ lò ju àwọn tiwa lọ o." Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi ti lọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá inú eré yẹn ki ẹ̀gbà ọrùn ara rẹ̀ bọ inú àpò ọkùnrin náà, ó sì fi igbe olè ta. Kí eré ọjọ́ náà tó parí, àṣírí ti tú. Ìyá Sìkírá pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó, mò ń rò ó. Mo ní àṣìṣe obìnrin yìí ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ bá tẹlifíṣọ̀n wí. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn mí ni pé wọ́n máa ń mú irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo lọ wá ọ̀nà tí wọn kò fi ní lè mú mi.

Ní àkókò náà, wọ́n ń jí ẹyìn Lásísì. Á kọ ọ́, á kó o jọ sí etí ọ̀nà odò, kí ó tó padà dé, wọ́n á ti gbé e. Ló bá fi ààlè sí i. Ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lórí òkìtì ẹyìn náà, ó so ìkarahun ìgbín, kùkù àgbàdo àti àkísà pupa mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní abúlé wa mọ̀ pé ohun tí ààlè bá wà lórí rẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án. Lásísì sì ti búra pé ẹni tí òun bá ká mọ́ ibẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Sámúẹ́lì kò mọ ààlè. Ó ti bi mí rí, nígbà tó rí ọ̀kan lórí igi ìdáná ẹnìkan. Ó ní, "Màmá, ta ló ń so nǹkan mọ́ igi báyìí? Ṣé àwọn ọmọdé ló ń fi ṣeré?" Mo rẹ́rìn-ín, n kò dá a lóhùn.

Nígbà tó dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé eré yẹn, mo gbé agbọ̀n fún un. Mo ní, "Lọ bá mi gbé ẹyìn mi wá ní etí ọ̀nà odò, lábẹ́ igi ọsàn. Òkìtì méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pá wà lórí rẹ̀, tí ìkarahun àti àkísà pupa wà lára ọ̀pá náà, tèmi nìyẹn. Àmì mi ni. Má lọ gbé ti ẹlòmíràn o."

Ó ní, "Mi ò ní ṣì í, Màmá."

Mo mọ ìgbà tí Lásísì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà yẹn bọ̀ láti oko. Mo gbé ẹ̀pà síwájú, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń bó o.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ariwo olè. Wọ́n tó méje tó ń wọ́ Sámúẹ́lì bọ̀. Igbà, okùn tí Lásísì fi ń gun ọ̀pẹ, ni wọ́n fi so ó lọ́rùn. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹyìn rù ú. Imọ̀ ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi nà án, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti dí. Lórí agbọ̀n náà, ọ̀pá ààlè wà níbẹ̀ gbalaja, kò já, kò tú. Sámúẹ́lì ti fi sùúrù yọ ọ́, ó gbé e lé ẹyìn lórí, kí n lè rí i pé èyí tí mo rán an gan-an ló gbé.

Ohun tó bí Lásísì nínú jù nìyẹn. Itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wá wò ó! Ó kó ẹyìn mi, ó tún gbé ààlè náà mọ́ ọn! Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Sámúẹ́lì rí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi o: ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Màmá! Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ rán mi. Ẹ ní èyí tí ìkarahun wà lára ẹ̀."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ààlè ni wọ́n fi júwe ẹyìn fún òun! Ta ló ń fi ààlè júwe nǹkan?" Òótọ́ ni. Kò sí ọmọ wa kankan tó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ohun tí mo gbára lé nìyẹn.

Bọ́lánlé sáré jáde, ìlàjì irun rẹ̀ ni wọ́n ti dì. "Màámi, ṣé ẹ rán an?"

Mo wo ẹ̀pà ọwọ́ mi. Mo ní, "Èmi? Nígbà wo? N kò rán an níṣẹ́ kankan."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí kùmọ̀ Lásísì fi balẹ̀. Sámúẹ́lì fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Mo gbọ́ egungun náà. Lásísì tún gbé kùmọ̀ sókè, ó tún bà á níbẹ̀. Ó tún bà á lẹ́ẹ̀kẹta. Agbọ̀n dànù, ẹyìn yí wá sí ẹsẹ̀ mi, n kò mọ èyí tó pupa fúnra rẹ̀ àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ kùn. Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ mú táyà àti kẹrosíìnì wá. Ọkọ mi ló ti ẹ̀yìnkùlé yọ pẹ̀lú àdá, ó dúró lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Ẹni tó bá dáná ní ojúde mi, èmi àti ẹ̀ la ó jọ jóná." Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, apànìyàn ni ì bá máa kọ̀wé yìí sí yín. Wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Moniya bí ẹni ju ewúrẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ní n kò rán an, kò ké mọ́. Ó kàn ń wò mí.

Mo rò pé ìgbátí méjì ni wọ́n máa gbá a. Mo rò pé ojú á tì í, á gun alùpùpù rẹ̀, á lọ. Nínú eré, ẹ̀jẹ̀ kò sí.

Bọ́lánlé lọ bá a ní ọsibítù. Kò lọ kí i o. Ó lọ tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ni. Ó sọ fún mi pé Sámúẹ́lì ní kí òun bi ìyá òun, òun sì dá a lóhùn pé òun ti bi wọ́n. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò lè pa dé mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé kíkọ. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí ìlú rẹ̀. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Sátidé tí wọ́n nà án, àwọn èèyàn tún kún pálọ̀ wa bí ìṣe wọn. Ní ọjọ́ náà, ìyá inú eré kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nínú ilé mi. Lásísì náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Sìkírá ń nu omijé, ó ní, "Ẹ ò rí i? Abiyamọ ni ṣá." Bọ́lánlé wà nínú yàrá, ó tilẹ̀kùn mọ́ra. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná. N kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lásísì ti darúgbó. Ní ọdún tó kọjá, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Bọ́lánlé, mo ṣì máa ń gbọ́ egungun ọmọ yẹn. Pé olè ni, òun ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn." Mo bu omi fún un. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gba oorun Lásísì. Bọ́lánlé á mọ̀ pé ẹni tí kò ṣẹ̀ lòun tutọ́ sí níwájú. Bí n kò bá sì sọ̀rọ̀, Títí ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjà Sátidé yẹn, ọmọ Íbò yẹn gbé Títí dìde, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ di orí rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ó wá tẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé iṣẹ́ kankan wà tí mo lè bá yín ṣe kí n tó lọ?"

Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná lọ.

Sátidé tó ń bọ̀, Títí àti ọmọ Íbò náà tún ń padà wá. Bọ́lánlé náà ń bọ̀. Ó ní òun máa mú Lásísì dání kó wá jẹ́rìí pé olè ni Sámúẹ́lì. Gbogbo wọn á tún kọjú sí mi nínú àgbàlá kan náà, wọ́n á bi mí. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi nínú ilé ìdáná: èmi ni mo rán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ó lè jáde. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọkùnrin kan ní ìhà Ògòjà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò pa dé, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé òun kọ́ ló ṣì í. Èyí tí mo rán an gan-an ló gbé.