Aṣọ Ọlọ́pàá Tí Mo Gbé Fún Ẹlòmíràn Fọ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ má fi ẹnu jẹ́jẹ́ gbé e ga o! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀wọ̀n ló yẹ kí n wà lónìí. O ṣé o, Baba. O ṣé, o ṣé, o ṣé.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo ń tọ́. Sájẹ́ntì ọlọ́pàá kan tí mo ń fọṣọ fún ló mú mi mọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bárékè. Ó ní, "Ìyá Bísí, ọwọ́ yín mọ́. Mo ti ní kí wọ́n máa gbé aṣọ wá fún yín. Ẹ má dójú tì mí o." Inú mi dùn! Kí n tó mọ̀, kakí kún yàrá débi pé àwọn ọmọ ò ríbi sùn.

Apá mi ò ká a mọ́. Kí n sọ fún Sájẹ́ntì, ẹnu mi ò gbà á. Agídí mi nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo di ẹrù kan, mo gbé e lọ fún Làsísì, alágbàfọ̀ ẹgbẹ́ mi tó ń gbé létí ọ̀sà. Ìyá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ka ṣẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàdúrà fún mi. A ò kọ ìwé kankan. Ta ló ń kọ̀wé torí aṣọ fífọ̀?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn olè wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, wọ́n ní àwọn wá yẹ ilé wò, wọ́n sì palẹ̀ gbogbo ọjà rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, ṣẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Òwú pupa! Àmì tí mo máa ń rán sí aṣọ oníbàárà mi kó má baà sọnù! Sájẹ́ntì fúnra rẹ̀ ló wá mú mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Bísí, ẹ bà mí jẹ́."

Mo dárúkọ Làsísì, wọ́n mú òun náà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ gbé aṣọ wá fún mi?" Háà! Orí mi fò lọ. Nígbà tí wọ́n gba onídùúró mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Òun nìkan ló kù mí kù, Ìyá Bísí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Mo dìde, mo wá lọ́yà lọ.

Lọ́yà mi ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n gbé aṣọ lé lọ́wọ́, Mádàámù. Lójú òfin, ọwọ́ yín náà ló ṣì wà. Kò síwèé, kò sẹ́lẹ̀rìí." Mo bá pín àwọn ọmọ mi fún mọ̀lẹ́bí. Mo di aṣọ Bísí fún un, ó ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Ẹ̀yin ará, àdúrà kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti gbà pé ó parí.

Lọ́jọ́ kóòtù, lọ́yà Làsísì pe ìyá rẹ̀ kó wá sọ pé ẹrù kankan ò wọlé àwọn. Wọ́n gbé Al-Kùránì fún un. Ó dì í mú, ó sì búra. Adájọ́ ní, "Ìyá, ṣé obìnrin yìí gbé aṣọ wá?"

Ìyá ní, "Ó gbé e wá. Èmi ni mo gbà á. Ọkùnrin méjì tí kì í ṣe ọlọ́pàá ni Làsísì gbé e fún."

Làsísì kígbe, "Ìyá mi!" Ìyá ò wo apá ibẹ̀.

Adájọ́ dá mi sílẹ̀! Halelúyà! Làsísì lọ sẹ́wọ̀n. Níta, mo fẹ́ dì mọ́ ìyá. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn mí. Kì í ṣe torí tìẹ."

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí iṣẹ́ bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín. Bí ẹ ó bá gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ tó o wà nínú wàhálà, èmi náà ti sọ pé ó parí, kò sì parí. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Àmọ́ ìyá yẹn náà gbàdúrà kó tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, ọmọ tiẹ̀ ló gbà á fún. Ẹ bá mi ṣe àmín fún un.